Afẹ́fẹ́ Inú Kílọ́ọ̀ṣì Dáre

Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé mi ò mọ bí a ṣe ń lé afẹ́fẹ́ jáde nínú rọ́bà. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni mí, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, ní Garland níbí ní Amẹ́ríkà, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bíńtín bá wọ inú rọ́bà tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kiri, ẹ̀rọ á figbe ta, á sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró títí n ó fi wá lé e jáde. Nítorí náà, nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi pé èmi fúnra mi ni n ó tún kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò Dáre ṣe, mi ò fọ́nnu. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá Dáre, mọ́tò kì í ṣe aláìsàn o," ó sì wọlé padà.

Ìyàwó mi nìkan ló kù tó ń pè mí ní Bàbá Dáre. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti yí i padà sí Bàbá Tèmi láti ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Gbogbo wọn ló yí i padà lẹ́ẹ̀kan náà, wẹ́rẹ́, bí ẹni pé wọ́n ti ṣèpàdé lé e lórí. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, mo mọ̀. Síbẹ̀ ó máa ń bí mi nínú, nítorí ọmọ méjì ni mo bí.

Olúdáre ni àkọ́bí mi. Ó kú sínú omi Lewisville Lake nígbà tí ooru ọdún tó kọjá bẹ̀rẹ̀. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n lọ gbafẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó bẹ́ sómi bí àwọn tó kù ṣe bẹ́ sómi, àwọn tó kù gòkè padà. Ó mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa. Ẹ má bi mí bó ṣe wá jẹ́, nítorí gbogbo àlàyé tí wọ́n ṣe fún mi, kò sí èyí tó wọ̀ mí létí.

Mọ́tò rẹ̀ ni a bá létí omi. Mọ́tò pupa kékeré ni, ó ti gbó díẹ̀, oní-jíà ọwọ́ sì ni, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e kúrò lójú kan. Mo bá a jà nígbà tó rà á. Mo ní kí ló dé tó fẹ́ máa fi ẹsẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ayé ti gbàgbé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun fẹ́ máa mọ̀ ọ́n lára pé òun ló ń wà á. Òun ló fi mọ́tò náà kọ́ Tèmi àbúrò rẹ̀ ní wíwà, Tèmi ló sì wà á wálé láti etí omi lọ́jọ́ náà, èmi àti ìyá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn nínú mọ́tò wa. Láti ọjọ́ náà mi ò jókòó sínú ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílé wa, òbí kì í sin ọmọ. Ojú òbí kò gbọdọ̀ rí sàárè ọmọ rẹ̀, kò gbọdọ̀ mọ ibi tó wà rárá, àwọn ẹlòmíràn ni í gbé irú òkú bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe rí nìyẹn nígbà tí mo ń dàgbà ní Ọ̀yọ́, kò sì sí ẹni tó sọ fún wa pé tí a bá wọkọ̀ òfuurufú kọjá òkun, ó ti parí. Elder Ọláṣẹ́gun, tó jẹ́ àgbà fún gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, wá sílé láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ jókòó ti ìyàwó yín. Àwa la ó ṣe é." Mo ní, "Yes, sir." Wọ́n lọ. Tèmi bá wọn lọ, nítorí ẹnì kan nínú ilé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí èèwọ̀ fún àbúrò. Elder kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ júwe ibẹ̀ fún èmi àti ìyá rẹ̀ láé. Òun náà ní, "Yes, sir."

Láti ìgbà náà, "yes, sir" nìkan ló kù láàrin èmi àti ọmọ yìí. Tèmi, ṣé o ti jẹun? Yes, sir. Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Yes, sir. Ọmọ tó máa ń bá mi jiyàn títí oúnjẹ á fi tutù lórí tábìlì, tó máa ń sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ kò bọ́gbọ́n mu, kó tó wá fi "sir" sí i lẹ́yìn kí n má baà bínú. Gbogbo ìyẹn ti dópin. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, ó sì ti gba iṣẹ́ mìíràn ní Seattle, ọ̀nà jíjìn réré sí wa. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó lọ ló sọ fún wa. Mọ́tò Dáre ló ní òun á wà lọ.

Mo mọ ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Tí Tèmi bá fi ẹnu dídì yẹn kúrò nílé mi, kò ní padà wá mọ́. Á máa pè wá ní Kérésìmesì, á ní "yes, sir", á sì pa fóònù. Omi gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi, títì freeway fẹ́ gba èkejì, kò sì sí ohun tí mo rí ṣe sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì daṣẹ́ sílẹ̀. Tèmi wọlé, ó ní pẹ́dà ṣubú sílẹ̀ kò sì gbéra padà, mọ́tò kò wọ jíà. Ìyàwó mi ní kí a jẹ́ kí wọ́n wá wọ́ ọ lọ, kí òun má rí i níwájú ilé mọ́. Mẹkáníìkì wa ní òun kò ráyè títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tèmi ní kò burú, òun á kúkú wọkọ̀ òfuurufú lọ ní Sọ́ńdè, kí a ta mọ́tò. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, ó sì gba yàrá rẹ̀ lọ. Mo wo fídíò àtúnṣe kílọ́ọ̀ṣì lórí fóònù títí ojú fi ń ta mí, mo wá rí i pé iṣẹ́ náà kò ṣeé dá ṣe, ẹni méjì ló ń gbà. Kí n má parọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo ní, "Tèmi, n ó tún un ṣe ní Sátidé, ṣùgbọ́n n ó nílò ẹsẹ̀ rẹ."

"Yes, sir," ó ní.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kó lè yé yín. Nínú irú mọ́tò yìí, kì í ṣe wáyà ló ń fa kílọ́ọ̀ṣì. Ọ́ìlì ló kún inú páìpù láti abẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà dé ìdí jíà. Ẹsẹ̀ á ti ọ́ìlì, ọ́ìlì á ti kílọ́ọ̀ṣì. Ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọ páìpù, afẹ́fẹ́ lásán ni ẹsẹ̀ á máa fún, pẹ́dà á sì wólẹ̀ láìṣe iṣẹ́ kankan. Láti lé e jáde, ẹnì kan á jókòó sí àyè dírẹ́bà, á tẹ pẹ́dà bí ìgbà mélòó kan, á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á dì í mú síbẹ̀. Ẹnì kejì tó wà lábẹ́ mọ́tò á tú nọ́ọ̀tì kékeré kan díẹ̀, ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ á jọ tú jáde. Á tún nọ́ọ̀tì náà dì, lẹ́yìn náà ni ẹni òkè á tó gbé ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá gòkè nígbà tí nọ́ọ̀tì ṣì wà ní títú, páìpù á fa afẹ́fẹ́ mu padà. Àwọn méjèèjì kò sì ní rí ojú ara wọn.

Láàárọ̀ Sátidé, mo pààrọ̀ páǹpù kékeré tó ń jò nídìí jíà. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò, mo gbé e lé irin, mo tẹ́ páálí sílẹ̀, mo wọ abẹ́ rẹ̀. Ooru ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ, sìmẹ́ńtì iwájú ilé gbóná dé ibi pé ó ń jó mi lẹ́yìn láti inú páálí. Mo sọ fún Tèmi pé èmi ni n ó wà nísàlẹ̀ kí aṣọ rẹ̀ má baà dọ̀tí. Irọ́ ni. Mi ò lè jókòó sí àyè Dáre.

"Ṣé o ti wọlé?" mo ní.

"Yes, sir."

"Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan, kó o wá dì í mú mọ́lẹ̀. Má gbé ẹsẹ̀ àfi tí mo bá ní kó o gbé e."

"Yes, sir."

Mo tú nọ́ọ̀tì. Ọ́ìlì dà sínú rọ́bà tí mo fi sẹ́nu rẹ̀, ó ń hó bí omi ọṣẹ. Inú mi dùn, mo di nọ́ọ̀tì, mo ní kó gbé ẹsẹ̀. A tún un ṣe. A tún un ṣe. Mo jáde, mo bu ọ́ìlì tuntun sínú ike kékeré tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo padà sábẹ́. Ìgò tí mo fi ń gba ọ́ìlì kún, mo dà á nù sínú gálọ́ọ̀nù, mo gbé e padà, ọ́ìlì ṣì ń hó. Mo ní kó dán pẹ́dà wò. Ó ní ó rọ̀ bákan náà.

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ní ibi iṣẹ́ mi, ẹ̀rọ ì bá ti pariwo, ì bá sọ fún mi ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Mọ́tò yìí kò sọ nǹkan kan. Mo fún gbogbo ẹnu rọ́bà le, mo yẹ ìdí páǹpù wò, kò sí ibi tó ń jò. Òógùn ń ṣàn wọ inú gíláàsì ojú mi, aládùúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ gé koríko, mo sì ń ráhùn fún ara mi pé kí ló dé tí mi ò dúró de mẹkáníìkì. Mo fà sẹ́yìn lórí páálí kí n lè mí díẹ̀. Ilẹ̀kùn mọ́tò wà ní ṣíṣí nítorí ooru, láti ibi tí mo wà, mo ń rí bàtà Tèmi lórí pẹ́dà.

Mo na ọwọ́ sí nọ́ọ̀tì. Mo ní, "Dì í mú."

"Yes, sir," ó ní, kíá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣì ń lọ sókè sódò.

Mo tún un sọ, láti fi dán an wò. "Ṣé o ti dì í mú?"

"Yes, sir." Ẹsẹ̀ ṣì wà lókè.

Kì í ṣe pé ó ń fi mí ṣeré o. Kó lè ṣe é bí mo ṣe wí ló ń sáré sí. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nínú ilé mi, tí àgbà bá sọ̀rọ̀, ọmọ á kọ́kọ́ dáhùn ná, kó tó máa wá bó ṣe fẹ́ ṣe é. A kì í pe ọmọ lẹ́ẹ̀mejì. Dáre máa ń pẹ́ kó tó dáhùn, ó sì jẹ ìkó púpọ̀ nítorí rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Tèmi ń wò ó, ó sì fi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́gbọ́n. Ẹnu rẹ̀ máa ń dé ibẹ̀ ṣáájú ara rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sán yẹn, "yes, sir" rẹ̀ ni mo ń gbọ́ tí mo fi ń tú nọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wá gòkè, gbogbo afẹ́fẹ́ tí a ti lé jáde á tún wọlé.

"Tèmi," mo ní, "ẹsẹ̀ rẹ kò tíì délẹ̀, o sì ti ní yes, sir."

"You said I should hold it."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wọ abẹ́ yìí, mi ò rí ọ. Ohun tó o bá sọ fún mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Má dá mi lóhùn torí pé mo sọ̀rọ̀. Sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi."

"And if it's not down?"

"Sọ pé kò tíì délẹ̀."

Ó ní, "To you?"

"Fún èmi bàbá rẹ."

Mo wọ abẹ́ mọ́tò padà. Mo di sípánà mú. "Ṣé o ti dì í mú?"

"Not yet," ó ní.

Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú mi kún fún omi lábẹ́ mọ́tò yẹn. Ó ti lé ní ọdún kan tí ọmọ yìí ti sọ rárá sí mi gbẹ̀yìn.

"Now. It's down," ó ní. Mo tú nọ́ọ̀tì, afẹ́fẹ́ sì tú jáde bí ẹni tó ti há mọ́ ibì kan tipẹ́. Mo dì í. Mo ní kó gbé e. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní tòótọ́. Ṣé ó ti délẹ̀? Not yet. Ó ti délẹ̀ báyìí? Yes, now. Híhó ọ́ìlì náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ó di wóró wóró. Tèmi náà ní òun ti ń mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ pé pẹ́dà fẹ́ máa le.

Mo tún béèrè, "Ṣé o ti dì í mú?"

"Not yet."

Mo dúró. Mo dúró pẹ́. "Tèmi?"

"Not yet, Daddy." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, òyìnbó ni o, èmi ni mo ń tú u fún yín. Ó ní, "Ṣé mo lè sọ nǹkan mìíràn tó wà níbẹ̀?"

Mo ní kó sọ ọ́.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ kò wá?"

Mi ò béèrè ibi tó ń wí. Ọ́ìlì kán sí mi létí, mo jẹ́ kó máa kán.

Ó ní, "Àwọn ọ̀rẹ́ Dáre láti ibi iṣẹ́ wà níbẹ̀, gbogbo wọn. Wọ́n ń bi mí pé àwọn òbí mi dà. Mo ní ẹ ti wà lọ́nà. Wọ́n tún bi mí nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, mo ní ẹ ti wà lọ́nà, freeway ló dí. Mo wá rò ó pé bóyá ẹ máa wá lóòótọ́. Mo ń wo géètì. Elder ń gbàdúrà, èmi ń wo géètì."

Mo ní, "Tèmi, àṣà wa ni. Ojú òbí kò gbọdọ̀ rí i. Elder Ọláṣẹ́gun ló wá sọ fún wa pé..."

"I didn't ask what Elder said." Kò pariwo. "Ẹ ní kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́. Ṣé ẹ fẹ́ wá?"

Ẹ wo ọmọ tí mo bí. Mo ti múra àtisọ pé àṣà kì í ṣe ohun tí a ń fẹ́ tàbí tí a kì í fẹ́, àlàyé ti wà lẹ́nu mi, ó gún régé. Mo gbé e mì.

"Mo fẹ́ wá," mo ní. "Mo ti wọ bàtà. Nígbà tí ẹ jáde, mo wọ kóòtù dúdú mi àti bàtà, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Mo jókòó bẹ́ẹ̀ títí ẹ fi dé. Ìyá rẹ ló bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ mi."

Ẹ̀rọ aládùúgbò wa dákẹ́. Mo ń gbọ́ tí Tèmi ń fa imú.

"Mummy never told me that."

"Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà kò sọ ọ́."

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí pẹ́dà ń lọ sókè sódò, ó dúró. Ó ní, "It's down. Open it." Mo tú u. Wóró afẹ́fẹ́ kan ṣì jáde, kékeré, ó ń ràkòrò lọ nínú rọ́bà. A tún un ṣe bí ìgbà mélòó kan sí i kí ọ́ìlì tó wá dá gaara, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Mo fún nọ́ọ̀tì le, mo jáde lábẹ́ mọ́tò. A kò wo ojú ara wa. Mo ń nu ọwọ́, ó ń nu ojú.

Ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀.

"Ó ti ṣe?" ó ní.

"Ó ti ṣe. Ó kù kí a wà á wò."

Ó wo Tèmi, ó wo èmi, ó wo mọ́tò pupa náà. Mo rò pé á ní kí n má lọ. Ó ní, "Tèmi, rọra wà á," ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo gbé mọ́tò sílẹ̀ kúrò lórí irin, mo sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà. Ṣíngọ́ọ̀mù Dáre ṣì wà nínú ihò tó wà lẹ́bàá jíà. Tèmi tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó fi sí jíà, mọ́tò gbéra láìjá. Ó wà á dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ mọ ara wọn, bí Dáre ṣe máa ń ṣe é ni. A yà sí freeway. Mo rò pé á bọ́ sílẹ̀ ní ibi àkọ́kọ́ tí a ti lè yí padà, kò bọ́ sílẹ̀. Mi ò béèrè. Nígbà tó wá bọ́ sílẹ̀, ó gba ojú ọ̀nà kan tí igi pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dín eré kù, ó yà wọ géètì kan. Mo rí koríko tí wọ́n gé rẹ́múrẹ́mú, mo rí òkúta. Mo gbé ojú kúrò kíá, mo wo orókún ara mi.

"Tèmi, níbo nìyí?"

"Ẹ ní kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín," ó ní, Yorùbá ló fi sọ ọ́, ahọ́n rẹ̀ ń fẹsẹ̀ kọ. "Dáre ló wà níbẹ̀."

Mo ní, "Mi ò lè sọ̀kalẹ̀."

"I know, Daddy. Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ̀kalẹ̀. Mo fẹ́ kí n dágbére fún un kí n tó lọ lọ́la. Mi ò fẹ́ dá wá lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó pa mọ́tò, ó sọ̀kalẹ̀. Mo bọ́ gíláàsì ojú mi. Láìsí i, ojú mi kò ríran kọjá bọ́nẹ́ẹ̀tì, koríko kàn jẹ́ àwọ̀ ewé, àwọn òkúta sì dà pọ̀ di ohun funfun kan. Tèmi di òjìji, ó ń lọ, ó ń kéré sí i, ó dúró níbì kan tí mi ò lè fi hàn yín bí ẹ bá mú mi lọ síbẹ̀ lónìí. Bí mo ṣe pa àṣà mọ́ nìyẹn. Ẹ wí ohun tó bá wù yín sí i.

Mi ò mọ ohun tó gbé mi dé àyè dírẹ́bà. Mo kàn rí i pé mo ti kọjá lórí jíà, ikùn mi há mọ́ sítíárì, mo sì ti jókòó síbi tí ọmọ mi máa ń jókòó sí. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ kápẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀ pẹ́dà, ó ti gbẹ́ ihò síbẹ̀, gìgísẹ̀ mi sì wọ inú rẹ̀. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ó le. Ó ń ti ẹsẹ̀ mi padà bí ẹni tó wà láàyè. Mo tẹ̀ ẹ́ délẹ̀, mo dì í mú síbẹ̀, mo wá sunkún tí mi ò tíì sun láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè wá wá sétí omi. Ọmọ mi ni. Ọmọ mi ni mo jókòó sílé dè nínú bàtà.

Mo ṣì di pẹ́dà mú mọ́lẹ̀ nígbà tí Tèmi padà dé. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà, ó bá mi níbẹ̀, ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó jókòó síbi tí mo ti dìde. Ó wo ẹsẹ̀ mi lórí pẹ́dà.

"Daddy," ó ní, "ẹ lè gbé e báyìí. It's fixed."

Mo gbọ́ "yes" tó ń bọ̀ lẹ́nu mi, mo dá a dúró.

"Not yet," mo ní.

Tèmi ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó tì mí.